Síkáànù 3D eyín ìsàlẹ̀: bẹ́ẹ ṣe máa gbà á kó péye, àti bẹ́ẹ ṣe máa dán an wò

Síkáànù tó rẹwà lójú kọ̀ǹpútà kọ́ ni síkáànù tó péye o, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Sọ́fítíwíà máa ń dán ojú eyín, á fi àwọ̀ kùn ún, á tún bá yín dí àwọn ihò kéékèèké láìgbàṣẹ lọ́wọ́ yín, ohun tẹ́ẹ máa rí á mọ́ lójú débi pé ẹ ò ní fura rárá. Ṣùgbọ́n tí àyè tó wà láàárín eyín tó kẹ́yìn lápá òsì àti èyí tó kẹ́yìn lápá ọ̀tún bá fi fún ju bó ṣe yẹ lọ, kò sí nǹkan kan lójú ẹ̀rọ tó máa sọ fún yín. Ìgbà tí bíríìjì gígùn (eyín àtọwọ́dá mélòó kan tó so mọ́ra) bá dé láti láàbù tó ṣe é, tó kọ̀ tí kò wọlé, lẹ máa tó mọ̀, dókítà á ní láàbù ló jẹ̀bi, láàbù á ní fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni kò dáa, aláìsàn á la ẹnu sílẹ̀ á máa wò wọ́n.

Ẹ̀yin dókítà eyín, ẹ̀yin tẹkinọ́lọ́jíìsì láàbù, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń gbé síkánà, ẹ̀rọ tó ń gba síkáànù, lé lọ́wọ́, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ni mo dìídì mú torí òun ló lágídí jù. Eyín òkè ní àjà ẹnu, ibi tó fẹ̀ tí kì í mira, tí kámẹ́rà lè fi ṣe àmì mọ ibi tó wà. Ìsàlẹ̀ ò ní nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀, ahọ́n ló wà láàárín, ahọ́n náà ò sì gbọ́ràn.

Oríṣi síkáànù 3D méjì la máa ń lò. Èyí tí wọ́n ń fi kámẹ́rà oníná gbà nínú ẹnu, tó ń gba ojú eyín àti ẹran ìdí eyín, àti èyí tí wọ́n ń fi X-ray gbà, CBCT, tó ń gba egungun. Ti inú ẹnu ni mo máa sọ púpọ̀, màá dé orí CBCT tó bá yá, torí ẹni tó bá fẹ́ ri implant, irin tí wọ́n ń rì bọ egungun bíi gbòǹgbò eyín, máa nílò méjèèjì.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ bó ṣe gbọ́dọ̀ péye tó

Nǹkan méjì la máa ń wò. Àkọ́kọ́, báwo ni ohun tí síkánà gbà ṣe súnmọ́ bí ẹnu ṣe rí gan-an. Èkejì, tẹ́ẹ bá gbà á lẹ́ẹ̀mẹwàá, ṣé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á bára mu. Bí ìwé ìlànà àgbáyé ISO 5725 tó jáde lọ́dún 1994 ṣe pín in nìyẹn, ó sì yẹ kẹ́ẹ pín in bẹ́ẹ̀ náà, torí tépù télọ̀ tó ti fà, lójoojúmọ́ ló máa fún yín ní nọ́ńbà kan náà, irọ́ sì ni. Síkánà lè ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó lè máa gba àgbọ̀n ní fífún nígbà gbogbo, kó má yàtọ̀ rárá, kẹ́ẹ sì máa rò pé ẹ̀rọ yín dáa.

Lẹ́yìn náà, irú iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ ṣe? Micron 1000 ló wà nínú mìlímítà kan. Fún crown, ìyẹn adé àtọwọ́dá tí wọ́n ń dé mọ́ eyín, nọ́ńbà tí gbogbo ayé ṣì ń tọ́ka sí ni ti McLean àti von Fraunhofer lọ́dún 1971, àwọn tó ní kí àlàfo tó wà létí crown má kọjá micron 120. Síkánà òde òní tó dáa máa ń ṣe eyín kan sí mẹ́ta láìkọjá ìyẹn, àṣìṣe tiẹ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ 50. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Tó bá wá di gbogbo àgbọ̀n láti ìkángun kan dé ìkejì, àṣìṣe yẹn lè kọjá 100 dáadáa. Nítorí náà tí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ fún yín bá ní "micron 10 ni tiwa", ẹ bi í léèrè pé lórí eyín mélòó, nínú ẹnu èèyàn àbí lórí káàsì, mọ́dù ẹnu tí wọ́n dà. Ẹ máa rí i bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kiri nínú báàgì.

Ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ eyín kan ni wọ́n kọ́kọ́ tìtorí ẹ̀ ṣe ẹ̀rọ yìí? Nígbà tí Werner Mörmann àti Marco Brandestini fi CEREC, ẹ̀rọ tiwọn, ṣiṣẹ́ fún aláìsàn àkọ́kọ́ ní Zürich lọ́dún 1985, inlay kékeré tó máa wọ inú ihò eyín kan ṣoṣo ni. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn làwọn èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi gba gbogbo ẹnu.

Ọ̀rọ̀ implant tún yàtọ̀. Eyín àbínibí ní okùn tíntìntín tó so ó mọ́ egungun, nǹkan bíi 0.2 mm ni ìnípọn ibẹ̀, ó lè fi ìwọ̀nba díẹ̀ gbà fún bíríìjì tí kò bá bá a mu tán. Implant ti lẹ̀ mọ́ egungun pátápátá, kò ní gbà fún ẹnikẹ́ni. Tẹ́ẹ bá fi ipá so irin tí kò bá wọn mu mọ́ implant mẹ́rin, skúrù á máa tú, tàbí kó kán. Torí náà, ẹ pinnu ṣáájú: crown kan, ẹ gba apá kan àgbọ̀n péré, ẹ má wulẹ̀ gba gbogbo ẹ̀, àfikún yẹn ò ṣe crown náà láǹfààní kankan. Bíríìjì tó kọjá iwájú láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, tàbí implant káàkiri, ibẹ̀ lẹ ti máa nílò gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

2. Ẹ mọ ibi tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ti ń tan síkánà jẹ

Orí síkánà kò lè rí ju ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwòrán kéékèèké ló ń yà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, sọ́fítíwíà á wá máa rán èyí mọ́ èyí nípa wíwo ibi tí méjèèjì ti jọra. Gbogbo ìránmọ́ra yẹn ló ní àṣìṣe kékeré tiẹ̀, àṣìṣe yẹn á máa gorí ara wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí ìkángun tẹ́ẹ bá parí sí fi máa ń burú ju ibi tẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ibi tó tún ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni eyín iwájú ìsàlẹ̀ mẹ́rin yẹn. Wọ́n kéré, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n jọra, etí wọn sì mú. Tí kámẹ́rà bá ń wo etí wọn látòkè tààrà, ohun tó ń rí ò ju ìlà tín-ín-rín lọ, kò sí gegele kankan tó lè dì mú bíi ti eyín ẹ̀yìn. Ó lè gbé eyín kan rò pé èkejì ẹ̀ ni. Tí ìyípadà kékeré bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, tí igun àgbọ̀n fi yí díẹ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀gbẹ́ kejì á tẹ̀ lé e lọ, bó ṣe ń jìnnà sí iwájú ni àṣìṣe náà á máa gbòòrò sí i. Ẹ rántí ibí yìí, torí gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù, bá a ṣe máa sọdá eyín iwájú láyọ̀ ni.

Ìkejì ni itọ́. Abẹ́ ahọ́n ni itọ́ ń ṣàn sí, ẹ̀yìn eyín iwájú gan-an ni ẹnu ihò ẹ̀ wà. Síkánà ò mọ̀ pé omi lòun ń wò, ó máa gbà á bí ẹni pé ara eyín ni, ẹ wá ní eyín tó sanra ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìkẹta lèyí tọ́pọ̀ èèyàn ò kà sí: egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ máa ń tẹ̀. Òótọ́ ni o. Tí èèyàn bá la ẹnu gbàgàdà, àwọn iṣan méjì tó ń fa orí àgbọ̀n síwájú, lateral pterygoid, máa ń fa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọ inú, àgbọ̀n á sì fún díẹ̀ lẹ́yìn. Ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yàtọ̀ láti ẹnì kan sí ẹnì kejì. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi síkánà rárá, ohun tó rí ló gbà. Alginate àti silicone, àwọn ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń tẹ ẹnu, náà á gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ẹ ṣe ni pé kẹ́ẹ má jẹ́ kí aláìsàn la ẹnu tán. Kó là á dé ìdajì, ibi tí orí síkánà á ṣáà lè wọ̀, kò gbọ́dọ̀ máa ti àgbọ̀n síwájú.

3. Ẹ múra ẹ̀rọ sílẹ̀

Ẹ ṣe calibration, ìyẹn títún ìwọ̀n ẹ̀rọ ṣe kó péye, bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ṣe sọ, pàápàá tẹ́ẹ bá gbé e láti kíníkì kan sí òmíràn, tàbí tí òtútù yàrá bá yàtọ̀ gan-an sí ti àná. Àwọn kan ò ṣe é rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ, wọ́n á ní ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbóná dáadáa kẹ́ẹ tó tì í bọnu, torí tí orí ẹ̀ bá tutù, èémí aláìsàn á kun dígí ẹ̀. Ẹ wo dígí orí síkánà náà: àwọn tí wọ́n ti sè nínú autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò àrùn, lóòrèkóòrè máa ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ní iye ìgbà tí ilé-iṣẹ́ gbà kẹ́ẹ sè é. Ẹ kà á.

Iná ńlá orí àga aláìsàn, ẹ pa á. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn ojú fèrèsé tàn wọnú ẹnu tààrà. Iná yàrá lásán ti tó.

Tó bá sì jẹ́ lápútọ́ọ̀pù lẹ ń lò, ẹ so ó mọ́ iná. Bátìrì nìkan ò dáa, torí lápútọ́ọ̀pù tó bá wà lórí bátìrì máa ń dín agbára káàdì àwòrán ẹ̀ kù, síkáànù á wá máa fà, ibi tó bá ti fà ni ìránmọ́ra ti ń bà jẹ́. NEPA ò sì ní sọ fún yín tí wọ́n bá fẹ́ mú un lọ, nítorí náà inverter ṣáájú síkáànù, ẹ má bẹ̀rẹ̀ kẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀ ní àárín méjì.

4. Ẹ múra ẹnu sílẹ̀

Kí aláìsàn fẹ̀yìn tì díẹ̀, kó má sùn gbalaja torí itọ́ á máa lọ sọ́nà ọ̀fun á máa fẹ́ gbé e mì, tó bá sì gbé itọ́ mì ahọ́n á gbéra. Ẹ fi kọ́tìn róòlù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ ahọ́n, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí eyín kó gbẹ, ẹ̀yìn eyín iwájú lẹ máa fẹ́ kẹ́yìn torí ibẹ̀ ló ń tètè tutù. Kí ẹnì kejì di dígí mú láti ti ahọ́n sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń dá a ṣe, ṣùgbọ́n fún gbogbo àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ẹni méjì ni iṣẹ́ yìí, ẹ má tan ara yín.

Etí crown tó bá wọ abẹ́ ẹran ìdí eyín, kámẹ́rà ò lè rí i. Ìmọ́lẹ̀ ò ń gba inú ẹran kọjá. Ẹ fi okùn ti ẹran náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dá ẹ̀jẹ̀ dúró, tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dúró, ẹ dá aláìsàn padà sílé kó wá lọ́jọ́ míì. Irin tó ń dán náà máa ń kọ ìmọ́lẹ̀ padà, tí ẹ̀rọ yín bá gba pọ́dà, ẹ fi díẹ̀ sí i, díẹ̀ ni mo wí, torí pọ́dà tó nípọn, ara eyín ló máa kà á sí.

5. Bí ọwọ́ yín ṣe máa lọ

Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tó ní kẹ́ẹ tọ̀, ẹ tẹ̀ lé tiwọn torí sọ́fítíwíà wọn ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tó wọ́pọ̀ jù fún ìsàlẹ̀ rèé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí eyín tó kẹ́yìn lápá kan, lórí ibi tó fi ń lọ oúnjẹ. Ẹ dúró síbẹ̀ bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì kẹ́ẹ tó gbéra, kí ẹ̀rọ rí ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹ máa bọ̀ níwájú díẹ̀díẹ̀ lórí eyín ẹ̀yìn, wọ́ọ́rọ́wọ́, láìkánjú.

Tẹ́ẹ bá ti dé eyín ṣóńṣó, ẹ dín eré kù. Ibi tá à ń sọ nìyí o. Ẹ má gbé kámẹ́rà kọjá orí eyín iwájú tààrà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀nà ahọ́n bíi dígírì 45 kó rí etí eyín àti ẹ̀yìn ẹ̀ pọ̀, kẹ́ẹ wá rọra yí i sí ọ̀nà ètè kó rí iwájú ẹ̀, ẹ tún padà sí ti ahọ́n, bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe máa mì í láti eyín dé eyín títí tẹ́ẹ fi dé eyín ṣóńṣó òdìkejì. Ìdí ni pé kámẹ́rà nílò ẹ̀yìn eyín, iwájú eyín àti ẹran ìdí eyín tó lẹ̀ mọ́ egungun kó lè mọ ibi tó wà, etí lásán ò tó o. Ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ ṣe ń lọ: tí ohùn ẹ̀rọ bá yí padà tàbí tí àwòrán bá dá dúró, ẹ má máa fọn ọn kiri níbẹ̀. Ẹ padà sórí eyín ẹ̀yìn tẹ́ẹ ti gbà dáadáa, kó dá ibẹ̀ mọ̀, kẹ́ẹ tó tún máa bọ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ parí orí eyín lápá kejì, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ahọ́n padà sí ibi tẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ parí. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ló yẹ kó ṣáájú torí ibẹ̀ ṣì gbẹ, tẹ́ẹ bá fi kẹ́yìn, itọ́ á ti kún ibẹ̀.

Àṣejù wà nínú ẹ̀ náà. Àwọn kan á máa padà lọ máa padà bọ̀ torí wọ́n rí ihò bíńtín lórí ẹran ìdí eyín tí ẹnikẹ́ni ò nílò. Àwòrán tó pọ̀ jù, ìránmọ́ra tó pọ̀ jù nìyẹn. Tí ihò ò bá sí ní etí iṣẹ́ yín tàbí ibi tí eyín méjì ti pàdé, ẹ fi sílẹ̀ jàre.

6. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí aláìsàn tó dìde

Ẹ pa àwọ̀. Àwọ̀ ló ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Tó bá ti di eérú lásán, ẹ yí i káàkiri, kẹ́ẹ wá máa wá àwọn nǹkan yìí: etí eyín iwájú tó nípọn jù tàbí tó ní ìlà méjì, bí ẹni pé ẹ gba eyín náà lẹ́ẹ̀mejì tí wọn ò sì wọ inú ara wọn, àtẹ̀gùn kékeré lójú eyín níbi tó yẹ kó jọ̀lọ̀, ẹ̀yìn eyín tó kẹ́yìn, ibi tí kámẹ́rà kì í fẹ́ dé torí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń tì í. Tẹ́ẹ bá rí ìlà méjì níwájú, ẹ má gé ibẹ̀ nìkan kẹ́ẹ tún un gbà. Ẹ̀gbẹ́ kejì ti tẹ̀ lé ìlà èké yẹn lọ ná. Ẹ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ kẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń dunni, mo mọ̀, pàápàá tí èèyàn mẹ́rin bá ṣì jókòó níta.

7. Ẹ wọ̀n ọ́n

Nínú ẹnu èèyàn, kò rọrùn láti mọ òótọ́ ibẹ̀, torí kí lẹ máa fi wé? Nítorí náà, ẹ dán ẹ̀rọ àti ọwọ́ yín wò lórí káàsì. Ẹ mú káàsì àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi stone líle (pílásítà tó le) dà, ẹ lẹ bọ́ọ̀lù irin kékeré, irú èyí tó wà nínú bíárìn, mọ́ orí eyín tó kẹ́yìn lápá méjèèjì. Kí bọ́ọ̀lù méjèèjì dọ́gba. Ẹ fi káálípà onídíjítà wọn láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù kan dé ẹ̀yìn ìkejì, ẹ yọ ìwọ̀n bọ́ọ̀lù kan kúrò, ohun tó kù ni ọ̀nà láti àárín èyí dé àárín ìyẹn. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà mélòó kan torí káálípà ọjà lásán náà lè yẹ̀ ní 0.02 tàbí 0.03 mm. Tí irin yẹn bá ń dán jù, ẹ fi pọ́dà díẹ̀ sí i.

Ẹ wá gba síkáànù káàsì náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, látìbẹ̀rẹ̀ dópin nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn àárín bọ́ọ̀lù sí àárín bọ́ọ̀lù nínú sọ́fítíwíà. Ká ní káálípà ní 56.00 mm láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù sì jẹ́ 5.00, òótọ́ ibẹ̀ jẹ́ 51.00. Ká ní síkáànù wá fún yín ní 50.93, 50.92, 50.94, 50.93, 50.92. Márààrún bára mu, ìyàtọ̀ wọn ò ju 0.02 lọ, inú yín á dùn. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn fi nǹkan bíi micron 72 fún ju òótọ́ lọ. Tépù tó ti fà nìyẹn. Ẹ̀rọ yẹn dáa fún crown, ẹ má fi gba implant káàkiri láìní ọ̀nà míì tẹ́ẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá wá jẹ́ pé nọ́ńbà márààrún ń fò sókè sódò, ọwọ́ yín ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ fura sí, kẹ́ẹ tó bú ẹ̀rọ.

Ẹni tó bá fẹ́ wo gbogbo ojú ẹ̀, kó lo CloudCompare, sọ́fítíwíà tó ń fi síkáànù méjì wéra, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kó síkáànù tẹ́ẹ fi ṣe òdiwọ̀n (ti síkánà orí tábìlì ní láàbù) àti tiyín wọlé, ẹ kọ́kọ́ gé ẹran ìdí eyín àti ìdọ̀tí ẹ̀gbẹ́ kúrò, ẹ mú ojú àmì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bára mu lórí méjèèjì, kẹ́ẹ wá jẹ́ kí ICP, ọ̀nà ìṣirò inú ẹ̀, tò wọ́n léra. ICP yìí ti wà láti 1992, Besl àti McKay ló kọ ọ́, gbogbo sọ́fítíwíà irú ẹ̀ ló ń lò ó tàbí ohun tó jọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún un. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó pín àṣìṣe káàkiri kó lè kéré níbi gbogbo. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá yẹ̀ ní micron 200, ó lè yí gbogbo àgbọ̀n díẹ̀, kó fi díẹ̀ sápá òsì, díẹ̀ sápá ọ̀tún, díẹ̀ síwájú, àwòrán á wá kún fún àwọ̀ ewé, àmì pé ó bára mu, ẹ̀yin á máa yọ̀. Ohun tó yẹ ni kẹ́ẹ gé eyín ẹ̀yìn ẹ̀gbẹ́ kan péré, ibi tẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀ síkáànù, kẹ́ẹ tò ìyẹn nìkan léra, kẹ́ẹ wá mú matrix (nọ́ńbà tó sọ bó ṣe gbé e yí) tí sọ́fítíwíà kọ sísàlẹ̀, kẹ́ẹ fi Apply transformation gbé gbogbo àgbọ̀n tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí bí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣe rìn jìnnà tó. Ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ẹ bá wò ó bẹ́ẹ̀, ó máa yà yín lẹ́nu.

Nǹkan kan ṣì wà: ẹ má gba mean (àròpín lásán) gbọ́. Ibi tó yọ síta jẹ́ plus, ibi tó wọnú jẹ́ minus, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, ẹ wá ní òdo. RMS, àròpín tí kì í jẹ́ kí plus àti minus pa ara wọn rẹ́, ni kẹ́ẹ wò, kẹ́ẹ sì wo ibi tó burú jù gan-an pẹ̀lú.

8. Tó bá di ọ̀rọ̀ CBCT

CBCT fún eyín bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, pẹ̀lú NewTom tí wọ́n ṣe ní Verona, Ítálì. Ohun tí wọ́n máa ń kọ sára ẹ̀rọ ni ìwọ̀n voxel, ẹyọ tó kéré jù nínú àwòrán 3D, láti bíi 0.075 dé 0.4 mm. Kì í ṣe pé voxel 0.1 túmọ̀ sí pé ẹ lè rí ohun tó jẹ́ 0.1 o. Ohun tẹ́ẹ máa rí gan-an máa ń nípọn jùyẹn lọ, torí ariwo inú àwòrán, àti torí pé aláìsàn mira. Bíi ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ẹ̀rọ fi ń yí orí èèyàn ká, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ sì ni apá tó lè mira jù ní orí. Ẹ di orí ẹ̀ mú kó má mira, ẹ fi nǹkan sí i lẹ́nu kó fi eyín di í mú, ẹ sọ fún un kó má gbé itọ́ mì. Nǹkan tó wà lẹ́nu yẹn tún ní àǹfààní kejì: ó yà eyín òkè àti ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀, tẹ́ẹ bá fẹ́ fi síkáànù kámẹ́rà bò ó lẹ́yìn náà, ẹ máa rí orí eyín kedere.

Eyín onírin máa ń ta ìtànṣán kiri, á ba gbogbo àyíká ẹ̀ jẹ́. Ẹ má fi eyín onírin ṣe àmì tẹ́ẹ bá ń so CBCT mọ́ STL, fáìlì síkáànù inú ẹnu, ẹ wá eyín tí kò ní irin, lápá òsì, lápá ọ̀tún àti níwájú. Tẹ́ẹ bá ń sọ egungun di mọ́dù 3D, ibi tẹ́ẹ bá gbé threshold (ààlà tó ń ya egungun kúrò lára ohun tó kù) sí ló máa pinnu bó ṣe máa sanra tó, gbé e sókè díẹ̀, egungun á tín-ín-rín. Nítorí náà, orí àwòrán tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni kẹ́ẹ ti wọn gíga egungun, kì í ṣe lórí mọ́dù 3D aláràbarà yẹn. Nọ́ńbà eérú CBCT náà ò ṣeé gbára lé bíi Hounsfield, ìwọ̀n bí nǹkan ṣe kì tó, ti CT ńlá, ẹ má fi sọ pé egungun le tàbí rọ̀.

Ẹ fi mìlímítà 2 sílẹ̀ láàárín ìsàlẹ̀ implant àti ojú ihò tí iṣan ìmọ̀lára àgbọ̀n gbà kọjá. Mìlímítà 2 yẹn, ti gbogbo àṣìṣe tá a ti ń kà láti òkè ni, ẹ má yá nínú ẹ̀ torí pé implant gígùn ló wà nílẹ̀. Kẹ́ẹ sì wo inú egungun lápá ahọ́n lábẹ́ eyín ẹ̀yìn, ó máa ń kòtò wọlé níbẹ̀, bẹ́ẹ ṣe ń ri implant lọ lẹ lè yọ sódìkejì.

9. Fífi ránṣẹ́ sí láàbù

STL ò gbé àwọ̀, kò sì gbé ìwọ̀n: nọ́ńbà lásán ló wà nínú ẹ̀, kò sọ bóyá mìlímítà ni tàbí íǹṣì. Ẹ sọ fún láàbù pé mìlímítà ni. Tẹ́ẹ bá fẹ́ kí wọ́n rí àwọ̀ etí crown, ẹ fi PLY, irú fáìlì tó ń gbé àwọ̀, ránṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dín fáìlì kù torí dátà, orí etí crown ni wọ́n ti máa jí i.

Tẹ́ẹ bá máa tẹ mọ́dù jáde pẹ̀lú prínńtà 3D, prínńtà náà ní àṣìṣe tiẹ̀. Mọ́dù àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tó kàn rí bíi U, tí kò sí nǹkan láàárín, lè sún mọ́ra lẹ́yìn nígbà tí resin, oje tí prínńtà fi ń ṣe é, bá ń gan. Ẹ fi ọ̀pá kan so ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ nínú dísáìnì, tàbí kẹ́ẹ kún àárín ẹ̀, kẹ́ẹ má gé ọ̀pá náà kúrò títí iṣẹ́ fi parí.

Fún ẹnu tí kò ní eyín kankan nísàlẹ̀, tàbí implant mẹ́rin sókè tó jìnnà síra, èrò tèmi ni pé kẹ́ẹ ṣì fi silicone tàbí polyether tẹ ẹnu, tàbí kẹ́ẹ wá ẹni tó ní photogrammetry, ẹ̀rọ tó ń fi fọ́tò mọ ibi tí implant kọ̀ọ̀kan wà. Tẹ́ẹ bá sì taku pé síkánà lẹ máa lò, kí láàbù kọ́kọ́ ṣe jíìgì kan tó so gbogbo implant pọ̀, kẹ́ẹ dán an wò lẹ́nu: ẹ di skúrù ìkángun kan ṣoṣo, kẹ́ẹ wo ìkángun kejì pẹ̀lú X-ray kékeré. Tí ibẹ̀ bá gbéra sókè, ẹ gé jíìgì náà, ẹ tún un lẹ̀ lẹ́nu, kẹ́ẹ dá a padà sí láàbù kí wọ́n tó dà irin.